Abèèrè Kì í Ṣìnà, àmọ́ Ta Ni Ẹ̀ Ń Bi Léèrè?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Òwe náà dára, àmọ́ ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà sọ jáde, nítorí pé gbogbo àgbà ló mọ̀ ọ́n: kì í ṣe gbogbo ẹni tó dúró sí oríta là ń bi ní ọ̀nà. Ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn máa ń wo ojú èèyàn kó tó béèrè. Ó máa ń wá ìyá tó ti pẹ́ tó ti ń tajà ní oríta náà, tàbí awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀, tàbí ọlọ́kadà tó mọ ilé tó mọ oko. Bí ẹni tí a bi bá jẹ́ àlejò tó dé lánàá, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì tún bi ẹlòmíràn.

Lónìí, fóònù là ń bi. Ẹ̀rọ afinimọ̀nà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní GPS tàbí "máàpù" lásán, ti di ẹni tó jókòó ti awakọ̀ láti Èkó dé Dakar. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé a kì í wo ojú òun kí á tó béèrè. Bí a bá fẹ́ rà á, a ó wo bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, iye owó rẹ̀, àti bóyá ohùn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ dùn. Bó bá jẹ́ ti ọ̀fẹ́ ni, a kì í wo nǹkan kan rárá. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kí á bi ẹ̀rọ kí á tó gbà pé ó ṣeé fọkàn tán. Níbo ni máàpù rẹ̀ ń gbé? Ta ló ya máàpù náà? Ṣé ó mọ òfin ìlú tí a ń lọ? Bó bá ṣìnà, ta ló lè tún un ṣe? Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí, ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kì í rí bíi ti Yúróòpù, ó sì yẹ kí yíyàn wa yàtọ̀ sí tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tòkunbọ̀. Ní Èkó, ní Cotonou, ní Tema, ọ̀kan nínú ohun tí àwọn tó ń tà á fi ń polówó ni pé mọ́tò náà "ní GPS nínú". Ẹ tan án. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àwòrán Jámánì tàbí ti Amẹ́ríkà lẹ ó bá níbẹ̀. Sátẹ́láìtì ń sọ fún ẹ̀rọ náà pé Èkó ló wà, àmọ́ kò sí títì Èkó kankan nínú ìwé tó gbé lọ́wọ́. Ọfà kékeré yẹn yóò kàn máa rìn lórí òfìfo bí ẹni tó sọnù sínú ọyẹ́. Owó tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi kún mọ́tò ti bá omi lọ.

Ohun kan náà ni ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n ẹni rà ránṣẹ́ láti òkè òkun. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi TomTom àti Garmin ń ṣe ẹ̀rọ tó dára, àmọ́ àgbègbè àgbègbè ni wọ́n fi ń ta máàpù inú rẹ̀. Èyí tó mọ Yúróòpù bí ẹni mọ owó lè má mọ Ìbàdàn rárá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe gba "Áfíríkà wà nínú rẹ̀" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, torí Áfíríkà yẹn lè má kọjá Gúúsù Áfíríkà àti Mòrókò.

Nǹkan méjì ló yẹ kí á yà sọ́tọ̀ níbí, nítorí pé bí a ṣe ń dà wọ́n pọ̀ ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Àkọ́kọ́ ni sátẹ́láìtì, ìkejì ni máàpù. GPS gan-an jẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà: sátẹ́láìtì tó lé ní 24 ni, tí wọ́n ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Rọ́ṣíà ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ GLONASS, Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou, ọ̀pọ̀ fóònù òde òní sì ń gbọ́ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Amẹ́ríkà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da ohùn GPS rú fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun, kó má bàa tọ́ka sí ojú ibi kan gan-an. Ìgbà tí Ààrẹ Bill Clinton dá èyí dúró ni ẹ̀rọ náà tó wá wúlò dáadáa fún awakọ̀ lásán. Ohùn sátẹ́láìtì yìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì nílò dátà. Nínú oko tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan, bí ojú ọ̀run bá ti ṣí sílẹ̀ lókè yín, fóònù yín ṣì lè mọ ibi tó wà.

Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ṣi yín lọ́nà, kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ojú ọ̀run. Sátẹ́láìtì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ibi tí ẹ wà. Ohun tí kò mọ̀ ni bóyá afárá tó wà níwájú yín ti já. Inú máàpù ló yẹ kí ìyẹn wà, èèyàn ló sì ń ya máàpù.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: níbo ni máàpù náà ń gbé? Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé inú fóònù ló wà. Àfi bí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀ sórí fóònù tẹ́lẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, díẹ̀díẹ̀ ni fóònù sì ń bù ú wá bí ẹ ṣe ń lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà ńláńlá mẹ́rin tó gba ìsàlẹ̀ òkun bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, íntánẹ́ẹ̀tì ti di ọ̀wọ́n láti Làìbéríà dé Nàìjíríà, títí kan ti àwọn báńkì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ìjọba fúnra rẹ̀ ló pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Ìpínlẹ̀ Zamfara nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Kí á tilẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹni tó bá ń rin ojú ọ̀nà márosẹ̀ wa mọ̀ pé àwọn ibì kan wà láàárín ìlú kan sí èkejì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń kú pátápátá. Àwọn ibi tó dá jù, tí ilé jìnnà sí ilé, ni ó sábà máa ń jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni kò yẹ kí ẹni tó ń fọ̀nà hàn wá dákẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé, ní ilẹ̀ wa, ẹ̀rọ tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì tó ẹni tí à ń fọkàn tán, bó ti wù kó gbọ́n tó. Google Maps gbà yín láyè láti gba àgbègbè kan sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ bá wà lórí Wi-Fi, kí ẹ sì máa sọ ọ́ dọ̀tun lóòrèkóòrè. Organic Maps àti OsmAnd tún lọ jìnnà ju ìyẹn lọ: ẹ lè gba odidi orílẹ̀-èdè sílẹ̀, kí ẹ sì máa fi wá ibi tí ẹ ń lọ láìlo dátà rárá. Àléébù kan ló wà níbẹ̀. Máàpù tí a ti gbà sílẹ̀ kò mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti òwúrọ̀ yìí. Ẹni tó bá ń ti Ìkẹjà lọ sí Erékùṣù Èkó ní aago méje àárọ̀ nílò Google Maps tàbí Waze, tí wọ́n ń rí ìròyìn gbà láti orí fóònù àwọn awakọ̀ tó wà lójú ọ̀nà nígbà náà gan-an. Nítorí náà, ẹ má wá ẹyọ kan tó máa ṣe gbogbo rẹ̀. Méjì ni kí ẹ ní: ọ̀kan fún ìgboro tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ọ̀kan fún ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́.

Ṣé fóònù ló dára jù ni, àbí ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún mọ́tò? Fóònù rọrùn láti sọ dọ̀tun, ó sì ti wà lọ́wọ́ wa. Àmọ́ oòrùn ilẹ̀ wa kì í ṣeré. Fóònù tí a so mọ́ gíláàsì iwájú ní ọ̀sán gangan yóò gbóná títí yóò fi pa ara rẹ̀, bátìrì rẹ̀ yóò máa yọ́ lọ, ẹni tó bá sì pè yín láàárín kan yóò gba ojú rẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún mọ́tò kò ní ìyọnu ìpè, àmọ́ òun ni máàpù rẹ̀ máa ń gbó láìjẹ́ pé onílé mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ wa, fóònù tó dára, ṣájà mọ́tò, àti ohun ìdìmú tí a so sí ibi tí oòrùn kò ti ní máa pa á tààrà ti tó.

Ìbéèrè kejì: ta ló ya máàpù náà? Ní ọdún 2012, nígbà tí Apple gbé máàpù tirẹ̀ jáde, ó fi ìlú Mildura ní Ọsirélíà sí àárín igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Murray-Sunset, ibi tó fi nǹkan bí 70 kìlómítà jìnnà sí ìlú náà gan-an. Àwọn awakọ̀ tẹ̀ lé e wọ inú igbó náà, níbi tí kò sí omi, títí àwọn ọlọ́pàá fi jáde láti kìlọ̀ fún aráàlú pé ó lè la ẹ̀mí lọ. Ọ̀gá àgbà Apple, Tim Cook, ti tọrọ àforíjì lórí máàpù náà lápapọ̀ kí ọ̀rọ̀ ti Mildura tó dé. Ilé-iṣẹ́ tó lówó lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ ni o.

Ẹ wá wo òdì kejì rẹ̀. Ní ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola bẹ́ sílẹ̀ ní Guinea, àwọn oníṣègùn Médecins Sans Frontières nílò máàpù ìlú Guéckédou, wọn kò sì rí èyí tó dára. Àwọn èèyàn káàkiri ayé yọ̀ǹda ara wọn lábẹ́ Humanitarian OpenStreetMap Team. Wọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, wọ́n sì ń fa ọ̀nà àti ilé sórí máàpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Guéckédou ti ní máàpù tí àwọn oníṣègùn lè gbé lọ́wọ́. OpenStreetMap tí wọ́n lò yìí, tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní ọdún 2004, ni Organic Maps àti OsmAnd ń kà. Ẹnikẹ́ni ló lè fi kún un tàbí tún un ṣe. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni àìlera rẹ̀ wà: ìlú tí kò sí ẹni tó bìkítà nípa rẹ̀, òfìfo ló máa wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà, ẹni tó bá mọ èdè wa yóò mọ bó ṣe le tó. Ẹ̀rọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín "s" àti "ṣ", tí kò sì mọ àmì ohùn, kò lè dá ìlú mọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá tẹ Iléṣà láìsí àmì lè rí Iléṣà ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó sì lè bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà Ilesha Baruba ní Kwara, nítòsí ibodè Benin. Owódé mélòó la tilẹ̀ ní? Owódé Ẹ̀gbá wà, Owódé Yewa wà, Owódé Oníirin wà l'Ékòó, Owódé kan wà lẹ́bàá Ẹdẹ. Ẹni tó bá sì ń lọ sí Porto-Novo, tó fi orúkọ tí àwọn bàbá wa ń pè é wá a, ìyẹn Àjàṣẹ́, ẹ̀rọ lè gbé e lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo ní Kwara. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ nìkan wá ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ ní kí ẹni tí ẹ ń lọ bá fi ojú ibẹ̀ gan-an ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀, tàbí kó fún yín ní Plus Code ibẹ̀. Ní Gánà, wọ́n ti ní GhanaPostGPS láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017, tó fún ojú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì onílẹ́tà àti nọ́ńbà. Bí wọ́n bá pè yín sí ìgbéyàwó ní Kumasi, ẹ béèrè rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí la dé yìí. Ìṣẹ́jú àti kìlómítà ni ẹ̀rọ afinimọ̀nà ń kà, kò mọ ẹ̀rù. Bí ọ̀nà méjì bá wà, tí ọ̀kan fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ yá ju èkejì lọ, èyí tó yá ni yóò mú, ì báà jẹ́ pé inú igbó tí àwọn ajínigbé ti ń dá ọkọ̀ dúró lọ̀nà náà gbà, ì báà jẹ́ pé àgbàrá òjò ti la á sí méjì. Mo wà nínú ọkọ̀ kan ní Òkè-Ògùn lásìkò òjò tí fóònù mi ní kí á yà sí ọ̀nà kan lápá ọ̀tún, pé yóò dín ìrìn wa kù. Mo sọ fún awakọ̀, bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún: "Bàbá, fóònù ní ká yà níbí o." Kò tilẹ̀ dín eré kù. Ó ní: "Ọmọ mi, ọ̀nà yẹn wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló máa ń wà."

Mi ò tíì rí áàpù kankan tó mọ gbólóhùn yẹn. Ẹnu ibodè náà ńkọ́? Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀. Títì tó gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Cotonou kò kúrò níbi tó wà, ẹni tó bá wo máàpù yóò rí i tó nà gbalaja. Àwọn ọlọ́jà àti awakọ̀ ló mọ̀ pé kò ṣeé gbà. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé nìyí: ẹ̀rọ ni yóò dá ọ̀nà lábàá, èèyàn ni yóò fọwọ́ sí i. Kí n tó lọ sí ibi tí n kò dé rí, mo máa ń lọ sí gáréèjì lọ́jọ́ tó ṣáájú láti fi ọ̀nà tí fóònù yàn han awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí á kúkú pa ẹ̀rọ tì, kí á padà sí bíbéèrè lẹ́nu èèyàn bíi ti àtijọ́. Mi ò sí lára wọn. Obìnrin ni mí, mo sì máa ń dá wakọ̀. Kí n dá mọ́tò dúró ní aago mẹ́jọ alẹ́ ní ìlú tí n kò mọ̀, kí n sọ gíláàsì kalẹ̀, kí n wá sọ fún ọkùnrin tí n kò rí rí pé mo ti sọnù: ẹni tó bá ń pe ìyẹn ní àṣà rere kò tíì wà ní ipò mi rí. Fún èmi àti ọ̀pọ̀ obìnrin tí mo mọ̀, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun fàájì. Òun ló jẹ́ kí á lè dá lọ síbi iṣẹ́, ìsìnkú àti ìkómọjáde láìdúró de ẹni tó máa sìn wá. Nítorí náà gan-an ni mi ò fi gbà kó jẹ́ òpùrọ́. Ẹni tí kò rí ẹlòmíràn bi ni irọ́ ẹ̀rọ máa ń ṣe léṣe jù.

Ìbéèrè kẹta: ṣé ó mọ òfin ìlú tí a ń lọ? Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà Èkó sí Abidjan. Nǹkan bí 1,000 kìlómítà ni, ó sì gba orílẹ̀-èdè márùn-ún: Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni owó yí padà lójú ọ̀nà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni èdè tí ọlọ́pàá yóò fi bá yín sọ̀rọ̀ yí padà, ìlà fóònù yín yóò sì di àjèjì bí ẹ bá ti kúrò ní ibodè àkọ́kọ́. Ẹ gba máàpù orílẹ̀-èdè márààrún sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ mú Brown Card ECOWAS dání, ìwé ìdójútòfò mọ́tò tí àwọn orílẹ̀-èdè wa jọ fọwọ́ sí, torí ẹ̀rọ kò ní rán yín létí rẹ̀. Ohun tó rọ̀ wá lọ́rùn ni pé ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà: Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Gánà náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1974.

Ìlú Ọba ṣì wà ní ọwọ́ òsì ní tirẹ̀, máìlì ni wọ́n sì fi ń ka ọ̀nà. Láti oṣù Kẹta ọdún 2022, òfin ibẹ̀ ti le sí i lórí fóònù: ẹni tí wọ́n bá rí tó dì í mú lọ́wọ́ níbi tó ti ń wakọ̀ lè san 200 pọ́n-ùn, kí wọ́n sì kọ àmì ẹ̀bi mẹ́fà sórí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Ní London, owó Congestion Charge wà fún wíwọ àárín ìgboro, ULEZ sì wà fún ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá ju ìwọ̀n lọ. Ẹ̀rọ tí kò bá kìlọ̀ fún yín kí ẹ tó wọ ibẹ̀ ti ná owó yín. Ní Faransé, láti ọdún 2012, ẹ̀rọ tó ń tọ́ka sí ojú ibi tí kámẹ́rà tó ń mú asáré wà ti di èèwọ̀. Ní Jámánì náà, awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ lo irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ bó bá ń wakọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń polówó áàpù kan nílé lè di owó ìtanràn lẹ́yìn odi. Ẹni tó bá sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, bí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń ṣe níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ lo máàpù ọkọ̀ kékeré. Àwọn abúlé kan wà ní Ìlú Ọba tí wọ́n gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà wọn pé kí ọlọ́kọ̀ ńlá má tẹ̀ lé ẹ̀rọ wọ ibẹ̀, torí ọ̀nà ha, ẹ̀rọ náà kò sì mọ bí ọkọ̀ wọn ṣe ga tó.

Nígbà tí mo lọ háyà mọ́tò lọ́hùn-ún, ẹni tó dá mi lóhùn fẹ́ gba owó ojoojúmọ́ lọ́tọ̀ lórí ẹ̀rọ afinimọ̀nà. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra tuntun. Fóònù mi, máàpù tí mo ti gbà sílẹ̀ láti ilé, àti ohun ìdìmú tó wọ inú báàgì ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ìbéèrè kẹrin ló jẹ mí lógún jù: bó bá ṣìnà, ta ló lè tún un ṣe? Ní ọdún 2019, Google fi ohùn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi ọmọ Nàìjíríà sínú Google Maps, ó sì fi ọ̀nà ọ̀kadà àti ti dáńfó Èkó kún un. Mo yọ̀ sí i. Àmọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bíi tiwa lè má mọ àdúgbò wa síbẹ̀. Ìmọ̀ yẹn, àwa tí à ń gbé àdúgbò la ní in, a kì í sì í fi sílẹ̀. À ń lo máàpù tí ẹlòmíràn yà bí ẹni tó ń jẹun nílé ọ̀rẹ́: à ń ráhùn pé iyọ̀ kò tó, a kò sì fọ abọ́ rí. Google Maps ní ibi tí a ti lè fi àṣìṣe tó wọn létí. OpenStreetMap tilẹ̀ jẹ́ kí á fọwọ́ ara wa tún un ṣe, àyè sì wà níbẹ̀ fún orúkọ tí a ń pe ìlú wa ní Yorùbá, ní Hausa tàbí ní Ewe. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ orúkọ òpópónà mẹ́ta síbẹ̀ ti ṣe àlejò lóore ju ẹni tó dúró sí oríta títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìjọba náà ní ìpín tirẹ̀. Nàìjíríà rán NigeriaSat-1 lọ sókè ní ọdún 2003, ó sì rán NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X ní ọdún 2011, kí wọ́n lè máa ya àwòrán ilẹ̀. Ìjọba tó ra ojú sí ọ̀run yẹ kó lè sọ fún máàpù pé òun ti afárá kan pa fún àtúnṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde irú rẹ̀ lórí rédíò, ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe máàpù. Kò gba owó ńlá. Ó gba òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, nínú ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rọrùn jù, kí wọ́n gbé pátákó orúkọ sí orí òpópónà.

Bí ẹ bá fẹ́ yan èyí tí ẹ óò gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìlú tí ẹ kò dé rí. Ẹ pa dátà, kí ẹ sì bi ẹ̀rọ náà ní ọ̀nà ilé yín. Ẹ ní kó mú yín láti ẹnu ọ̀nà yín lọ sí ọjà tí ìyá yín ń ná, kó tún mú yín padà. Ṣé ó mọ títì tí wọ́n ti sọ di ojú ọ̀nà kan ṣoṣo? Ṣé ó mọ géètì àdúgbò tí wọ́n ń tì ní aago mẹ́wàá alẹ́? Ṣé ó mọ ọ̀nà tí òjò máa ń gbà lọ́wọ́ yín lọ́dọọdún? Bó bá ṣìnà níbẹ̀, ẹ tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ sì wo iye ọjọ́ tí yóò gbà kí àtúnṣe náà tó hàn. Ẹ óò mọ irú ẹni tí ẹ ń bá rìn. Ẹni tó bá parọ́ fún yín nípa àdúgbò tí wọ́n ti bí yín, kò yẹ kí ẹ bi í léèrè nípa ọ̀nà Abidjan.